Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Kíkọ́ Ọmọdé Ní Ìwọ̀n

Àṣìṣe tí ó ń bí àwọn yòókù ni kí a gbé rúlà lé ọmọ ọdún márùn-ún lọ́wọ́ kí ó tó mọ ohun tí gígùn jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ó fi gígùn okùn kan wé ti èkejì, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọn tábìlì, kí ó sì fi ẹsẹ̀ wọn iyàrá. Ẹ má kàn máa wò ó níran o, nítorí pé bí àlàfo bá wà láàárín ẹsẹ̀ kan àti èkejì, tàbí tí ọ̀kan gun orí èkejì, iye tí ó kà kò wúlò. Bí bàbá bá wọn iyàrá kan náà tí ó ka 12, tí ọmọ sì ka 20, ẹ má ṣe yára bá wọn parí àríyànjiyàn náà. Ibẹ̀ ni ọmọ yóò ti rí ìdí tí gbogbo ayé fi nílò òṣùwọ̀n kan ṣoṣo.

Bí ó bá wá kan rúlà, ẹ má ṣe ní kí ọmọ kàn ka nọ́ńbà tí ó bá bọ́ sí ìparí nǹkan. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni í bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, nítorí pé orí 1 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ oǹkà. Àwọn mìíràn a bẹ̀rẹ̀ láti etí rúlà, bẹ́ẹ̀ òdo kì í sí ní etí gan-an lára ọ̀pọ̀ rúlà. Pẹ́ńsùlù tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí 3 tí ó parí sí orí 10 gùn ní sẹ̀ǹtímítà 7, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń ka àmì dípò àlàfo yóò pè é ní 8. Rúlà tí orí rẹ̀ ti kán, èyí tí àwọn olùkọ́ máa ń sọ nù, ni mo fẹ́ràn jù fún ìdánrawò yìí.

Ní ti omi, bí ẹ bá da omi inú abọ́ fẹ̀ẹ̀rẹ̀ sínú ife gíga tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má ṣe jágbe mọ́ ọmọ tí ó ní omi náà ti pọ̀ sí i. Jean Piaget, onímọ̀ tí ó ṣèwádìí nípa bí ọmọdé ṣe ń ronú, ti fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò tíì tó nǹkan bí ọdún méje ṣe ń ronú. Ẹ jẹ́ kí ó da omi náà padà sínú abọ́ fúnra rẹ̀. Ti kóńgò náà ń fẹ́ ìṣọ́ra: bí a bá fi ọwọ́ gé orí ìrẹsì lónìí, tí a sì jẹ́ kí ó ga gegele lọ́la (àwọn ìyálọ́jà mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ dáadáa), kí a má pe méjèèjì ní kóńgò kan létí ọmọ.

Ẹ má sì ṣe máa fi “ó tóbi jù” rọ́pò “ó wúwo jù”. Ẹ gbé ìrọ̀rí àti àgádágodo ńlá lé e lọ́wọ́, kí ó sọ èyí tí ó wúwo jù kí ẹ tó gbé wọn sórí òṣùwọ̀n.