Bí mo ṣe gba ìwé àṣẹ láti kó òrí jáde ní orúkọ ara mi

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ta òrí sí Lọ́ńdọ̀nù, ìwé oníwé ni mo fi kó o lọ. Àgbà kan nínú òwò wa ló gbà kí n lo ìwé àṣẹ kọ́ńpìnì rẹ̀, mo fún un lówó díẹ̀, ọjà lọ, ọjà sì dé láyọ̀. Ìgbà tí oníbàárà mi sanwó ni ọ̀rọ̀ yí padà. Inú àkáǹtì ẹni tó ni ìwé ni owó wọ̀, torí orúkọ rẹ̀ ló wà lórí fọ́ọ̀mù ìkójáde ọjà tí wọ́n ń pè ní NXP, òun nìkan sì ni báǹkì mọ̀. Oṣù méjì gbáko ni mo fi lọ tí mo fi bọ̀ kí owó náà tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Àgbà náà kò fẹ́ rẹ́ mi jẹ, ó bá mi sáré gan-an ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ yáwó fi fẹ òwò lójú, tí wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá pé mo ti kó ọjà jáde rí, n kò ní bébà kan tí orúkọ mi wà lórí rẹ̀. Ní tèmi, n kò kó nǹkan kan jáde rí nìyẹn. Ọjọ́ náà ni mo pinnu pé màá gba tèmi.

Kí n tó sọ bí mo ṣe gbà á, ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ "láísẹ́nsì" yìí palẹ̀, torí ó da èmi náà láàmú. Bí mo bá ti ní mò ń wá láísẹ́nsì, ohun tó máa ń wá sí bàbá mi lọ́kàn ni ti ayé Ṣàgàrí. Ní 1982, nígbà tí owó epo já wálẹ̀, ìjọba fún okùn ìkówọlé ọjà mọ́lẹ̀, kò sì sí ohun púpọ̀ tí èèyàn lè kó wọlé láìní láísẹ́nsì. Bàbá mi ní àwọn kan wà tí wọn kò ní ṣọ́ọ̀bù, wọn kò ní ọjà, láísẹ́nsì nìkan ni wọ́n ní, òun náà ni wọ́n ń tà fún oníṣòwò. Wọ́n fòpin sí i ní 1986. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ kó ọjà wọlé sí Nàìjíríà kì í gba láísẹ́nsì kan gbòógì mọ́. Báǹkì ni yóò bá a ṣí fọ́ọ̀mù ìkówọlé ọjà tí wọ́n ń pè ní Form M, yóò sì gba ìwé SONCAP tó ń jẹ́rìí sí bí ọjà ṣe dára tó, tàbí ti NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, bí irú ọjà rẹ̀ bá ṣe rí. Àwọn ọjà kan sì wà tí ìjọba ti fòfin dè pátápátá.

Ti ìkójáde ló yàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó ọjà jáde gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ NEPC, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ pẹ̀lú òfin ní 1976 láti máa mójú tó ọjà tí a ń tà sí òkè òkun, yàtọ̀ sí epo rọ̀bì. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fúnni ni gbogbo wa ń pè ní láísẹ́nsì.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ kọsẹ̀ kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ NEPC. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fi business name ṣòwò, ìyẹn orúkọ òwò tí a fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ṣùgbọ́n tí kì í ṣe kọ́ńpìnì, mo sì rò pé ó tó. Kò tó. Nígbà tí mo ṣe tèmi, kọ́ńpìnì tó ní Limited lẹ́yìn orúkọ ni wọ́n ń bèèrè, tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó ní ìwé. Mo padà sí CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò àti kọ́ńpìnì sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, torí mo ti gbọ́ pé ó di dandan kí èèyàn méjì wà nínú kọ́ńpìnì, n kò sì fẹ́ fi orúkọ ọmọ tàbí ti àbúrò dí àyè. Òfin ti yí padà. Òfin kọ́ńpìnì ti 2020 gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá kọ́ńpìnì aládàáni sílẹ̀, owó ìpín rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní ₦100,000. Mo mú mílíọ̀nù kan. Ẹ má fi ìgbéraga kọ owó ìpín ńlá o, torí bí iye náà bá ṣe pọ̀ tó ni owó tí ẹ ó san fún ìjọba yóò ṣe pọ̀ tó.

Orúkọ òwò mi àtijọ́ ni mo fẹ́ kí kọ́ńpìnì máa jẹ́, torí òun ni àwọn oníbàárà mọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ dá a padà pé orúkọ náà ti ní ẹni tó ni ín. Èmi náà ni mo ni ín! Lẹ́tà ni mo kọ, èmi oní-business-name, pé mo fọwọ́ sí i kí èmi oní-kọ́ńpìnì lo orúkọ náà. Wọ́n sì gbà á.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Nínú ìwé tí a ti ń sọ iṣẹ́ tí kọ́ńpìnì wà fún, ẹ má kọ "òwò gbogbogbò" kí ẹ sì dákẹ́. Mo kọ ọ́ pé a ń ṣe òrí, a ń tà á, a sì ń kó ohun ọ̀gbìn àti ohun tí a fi wọ́n ṣe lọ sí òkè òkun. Gbólóhùn yẹn wúlò fún mi lọ́dọ̀ NEPC, ó tún wúlò ní báǹkì.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC. Ìwé CAC, ìwé tó sọ orúkọ adarí kọ́ńpìnì àti ìwé òfin kọ́ńpìnì ni mo fi ránṣẹ́, mo sanwó, mo sì dúró. Kò le. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba tèmi jẹ́ ni nọ́mbà ọjà, ohun tí wọ́n ń pè ní HS code. Mo wá a lórí fóònù, mo rí 1207, mo ti fẹ́ kọ ọ́ kí n tó rí i pé abẹ́ rẹ̀ ni kóró wà. Òrí tí a ti sè, tí a ti pò, abẹ́ 1515 ni tiwọn. Ẹ lè ní kí ló wà nínú nọ́mbà. Ní oṣù Kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó kóró òrí jáde láìṣe é, oṣù mẹ́fà ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún un, kí àwọn tó ń ṣe òrí nílé lè rí kóró rà. Ẹni tó kọ nọ́mbà kóró sórí páálí òrí ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè ni ọjà rẹ̀ yóò sùn.

Kí n tó dá a ṣe, ejẹ́ńtì kan ti ní òun yóò bá mi gbà á láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Iye tó pè ju ohun tí mo wá san lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, ó sì ní kí n fi nọ́mbà àṣírí tí mo fi ń wọ àkáǹtì mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì CAC ránṣẹ́ sí òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní i lè yí orúkọ adarí kọ́ńpìnì yín padà.

Ìwé jáde. Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbé e kọ́ ògiri, mo rò pé iṣẹ́ ti parí, láìmọ̀ pé báǹkì ń dúró dè mí.

Gbogbo ọjà tó bá ń lọ fún títà gbọ́dọ̀ ní fọ́ọ̀mù NXP, báǹkì ló sì máa ń fọwọ́ sí i. Ẹ ní láti ní àkáǹtì dọ́là tó wà fún owó ọjà òkè òkun lọ́tọ̀, kì í ṣe àkáǹtì dọ́là tí ọmọ yín ń fi owó ọdún ránṣẹ́ sí. Báǹkì tí mo kọ́kọ́ lọ dá mi padà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kínní, wọ́n ní ẹ̀ka wọn kò ṣe irú rẹ̀ rí, kí n lọ sí ẹ̀ka ńlá. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe wà ní ìsinmi. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n rí i pé àmì "&" ló wà nínú orúkọ kọ́ńpìnì lórí ìwé CAC, "and" sì ni mo kọ sórí ìwé ìdíyelé tí mo ṣe fún oníbàárà. Àmì kan ṣoṣo! Ọ̀sẹ̀ kan ló jẹ mí. Láti ọjọ́ náà, mo ń ṣe àdàkọ orúkọ láti orí ìwé CAC gan-an ni, n kì í fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Báǹkì kejì ló ṣe é. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbẹ̀ jókòó tì mí, ó ṣàlàyé ohun méjì tí n kò rí ẹni sọ fún mi rí. Èkíní, owó ìmójútó ìkójáde kan wà tí wọ́n ń pè ní NESS, náírà 5 ni nínú 1,000 iye ọjà yín kí ó tó wọ ọkọ̀. Ọjà mílíọ̀nù 4, ₦20,000 nìyẹn. Ẹni tí kò bá fi í sínú iye tó dá fún oníbàárà, inú èrè ara rẹ̀ ni yóò ti yọ ọ́. Èkejì ni pé ọjọ́ 180 ni mo ní, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó wà lórí ìwé ẹrù, kí owó ọjà náà ti padà wọ àkáǹtì mi. Bí kò bá padà, orúkọ mi ni yóò bàjẹ́ lọ́dọ̀ báǹkì àpapọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ranti àgbà tó yá mi ní ìwé. Ewu tó fi orúkọ rẹ̀ wọ̀ nítorí mi nìyẹn, èmi kò sì mọ̀. Ká ní oníbàárà mi kò sanwó ni, òun ni wọn ì bá mú. Mo pè é lálẹ́ ọjọ́ náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣakí ni mo ti ń ra òrí, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan. Oníbàárà mi, ọmọ Yorùbá ni, ó ń fi òrí ṣe ìpara ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ti gba EORI, nọ́mbà tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó ń kó ọjà wọlé, lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ bí ó ṣe kan tó wò." Mo gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò, ó sì kan ju bí oníbàárà mi ṣe fẹ́ lọ. Mo wọ mọ́tò lọ sí Ṣakí. Ìyá tó ṣáájú wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ní òjò ló pọ̀ lọ́dún náà, kóró pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó ṣà á, àwọn kan ti ń hù kí wọ́n tó bọ̀ wọ́n. Kóró tó ti ń hù, òrí rẹ̀ máa ń kan ni. Wọ́n ṣa kóró tuntun, wọ́n tètè bọ̀ ọ́, wọ́n sá a gbẹ dáadáa, wọ́n sì ṣe òmíràn. Èyí yege. N kò rí ìwé àṣẹ tó lè gbani lọ́wọ́ òrí kíkan.

Àwọn tó ń kó ìṣápá gbígbẹ tàbí ẹ̀wà yóò tún lọ sọ́dọ̀ NAQS, àjọ tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò, fún ìwé pé kòkòrò kò sí nínú ọjà wọn. Ẹ̀wà ní tirẹ̀, láti 2015 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó wà ní ìṣọ̀kan EU kò ti gba ẹ̀wà gbígbẹ wa wọlé, nítorí oògùn kòkòrò dichlorvos tí wọ́n bá lára rẹ̀. Ẹ wádìí ti ọjà yín kí ẹ tó náwó. Àgbàdo, igi gẹdú àti pákó tí a kò tíì fi ṣe nǹkan kan àti awọ tútù wà lára ohun tí a kò gbọdọ̀ kó jáde rárá.

Páálí 20 ni mo kó lọ sí pápákọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà, kílò 25 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ayẹ̀wò-ọjà tí ìjọba yàn wá wò ó, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n fún mi ní CCI, ìwé tó ń jẹ́rìí pé wọ́n ti yẹ ọjà náà wò, àwọn aṣọ́bodè sì ṣe tiwọn. Pákó tí a to páálí lé ni wọ́n fi dá mi dúró fún ìdajì ọjọ́, torí kò ní òǹtẹ̀ ISPM 15 tó fi hàn pé wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀. Mo ra èyí tó ní òǹtẹ̀ níbẹ̀, ó wọ́n. Ẹ rà á sílẹ̀ láti ilé.

Ọjọ́ kọkànlélógójì lẹ́yìn tí ọjà lọ, mo gbọ́ tí fóònù dún. Owó ti wọlé, orúkọ kọ́ńpìnì mi ló sì gbà á.

Nígbà tí mo mú owó wọn dé Ṣakí, Ìyá tó ṣáájú wọn wo ìwé tí mo fi hàn wọ́n títí. Ó ní, "Ṣé o ò lè máa fi tìrẹ bá wa kó o lọ ni? Àwa náà ní ẹni tó fẹ́ rà á." Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà lè gba tiyín. Ẹgbẹ́ yín ní ìwé." Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ akọ̀wé wọn lóòótọ́, nínú ọ̀rá, ó mọ́ tónítóní. Ìwé òfin ẹgbẹ́ ni ojú ìwé méjì ti já kúrò lára rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, èmi àti akọ̀wé ń lọ sí ọ́fíìsì àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Ìbàdàn láti gba àdàkọ rẹ̀.