Ẹ má fi oògùn ara ríro dáàbò bo ọkàn

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé inflammation, ìyẹn kí ara máa wú kó sì máa gbóná, wà lára ohun tó ń fa àrùn ọkàn, kẹ́mísìtì ló máa ń yà sí. Ṣebí diclofenac ló ń mú orúnkún tó wú rọlẹ̀? Nínú gbogbo àṣìṣe tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, èyí ló bà mí lẹ́rù jù.

Wíwú ti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í dunni. Ọ̀rá kọ́lẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù á wọnú ògiri iṣan, pàápàá níbi tí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí èéfín sìgá ti bà jẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara á sáré débẹ̀, wọ́n á gbé ọ̀rá náà mì, wọ́n á yó, wọ́n á kú síbẹ̀, àwọn mìíràn á tún dé. Ibẹ̀ á máa wú, awọ tó bò ó á sì máa fẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ tí awọ náà bá ya, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, ọ̀nà á dí. Ìkọlù ọkàn dé nìyẹn.

Diclofenac àti ibuprofen kì í wo èyí sàn. Ṣe ni wọ́n ń mú kí ara dá iyọ̀ àti omi dúró, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ga, kí ewu ìkọlù ọkàn sì pọ̀ sí i. Vioxx, tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí wọn, torí ọ̀rọ̀ ọkàn ni wọ́n fi kó o kúrò lọ́jà lọ́dún 2004.

Lóòótọ́, ìwádìí CANTOS ọdún 2017 fi hàn pé abẹ́rẹ́ canakinumab, tó ń mú wíwú inú ara rọlẹ̀, dín ìkọlù ọkàn kù láìfọwọ́ kan kọ́lẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n àwọn tí àkóràn pa pọ̀ sí i láàárín àwọn tó gbà á. Wọ́n gbìyànjú methotrexate, oògùn mìíràn tó ń mú wíwú rọlẹ̀, náà, kò ṣiṣẹ́. Colchicine, oògùn gout (àrùn tó ń mú oríkèé ara wú, tó sì ń dunni), ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún ọkàn lọ́dún 2023, 0.5 mg lójúmọ́. Ẹ má lọ dá a rà o: bí kíndìnrín bá ti ń ṣàìsàn, tàbí tí ẹ bá ń lo clarithromycin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, ó lè pààyàn.

Ẹ má sì ṣe àyẹ̀wò CRP, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi wíwú inú ara hàn, nígbà tí ibà tàbí òtútù bá ń ṣe yín. Èsì tó bá ju 10 mg/L lọ, àìsàn ọjọ́ yẹn ló sábà máa ń sọ. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi méjì tí ara bá ti yá.

Àwọn tó pa statin, oògùn tó ń dín kọ́lẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù kù, tì nítorí pé wọ́n gbà pé atalẹ̀ àti aáyù á mú wíwú rọlẹ̀ ńkọ́? Statin fúnra rẹ̀ ń mú wíwú yìí rọlẹ̀.

Bí dókítà bá sì ti kọ aspirin fún yín nítorí ọkàn, ẹ sọ fún olóògùn kí ẹ tó gba ibuprofen fún ẹ̀yìn dídùn, torí ó lè dí aspirin lọ́wọ́ iṣẹ́.