Kí Ẹ Tó Náwó Lé Ìtàn Ìfẹ́ àti Òfò Yín: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Iṣẹ́ olóòtú ni mo ń ṣe, àwọn tí wọ́n ń kọ ìtàn àròsọ fún ìgbà àkọ́kọ́ ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ wá fún mi. Púpọ̀ nínú wọn ti pàdánù ẹni tí wọ́n fẹ́ràn, yálà ikú ni ó mú un lọ tàbí ìkọ̀sílẹ̀, wọ́n sì ti pinnu pé ìwé ni àwọn yóò fi sọ ọ́. Ìpinnu náà dára. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé ọ̀pọ̀ wọn ti náwó tán kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, nígbà tí ohun tí wọ́n mú dání kò tíì di ìtàn. Mo gbà pé ẹ ti mọ bí a ti ń pín ìwé sí orí àti bí a ti ń mú ẹ̀dá ìtàn sọ̀rọ̀. N kò ní fi ìyẹn gba àkókò yín.

Àṣìṣe kìíní ni sísan owó fún ẹni tí ó yẹ kí ó san owó fún yín. Ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé tí ó bá gba ìwé yín wọlé ni yóò ru ìnáwó àtúnṣe, èèpo ẹ̀yìn ìwé àti ìtẹ̀wé, yóò sì máa fún yín ní ìpín nínú owó tí ìwé bá pa. Aṣojú òǹkọ̀wé, ẹni tí ń bá òǹkọ̀wé wá ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé, kì í gba owó kí ó tó ka iṣẹ́ yín; inú ohun tí ìwé bá mú wọlé ni ó ti ń yọ tirẹ̀, ìdá 15 nínú 100 ni ó sì wọ́pọ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá kọ̀wé sí yín pé omi bọ́ lójú òun nígbà tí òun ka iṣẹ́ yín, tí iye tí ẹ óò san sì wà nísàlẹ̀ ìwé kan náà, oníṣòwò ni ẹ bá pàdé. Ó ṣòro fún ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ láti kọ̀ fún ẹni tí ó bá sọ pé kí orúkọ olóògbé má parun, àwọn oníṣòwò yìí sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú. Kò burú kí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ tẹ ìwé, bí ó bá ti mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe nìyẹn, tí ẹ̀tọ́ lórí ìwé náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkejì, pípààrọ̀ orúkọ nìkan kò tó. Bí iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe, àpá tí ó wà lójú rẹ̀ àti iye ọmọ tí ó bí bá wà níbẹ̀ bí wọ́n ti rí, gbogbo ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni yóò mọ̀ pé òun ni. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, a kì í pe ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ nítorí òkú, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀, àti dókítà tí ẹ kọ pé ó pa á, wà láàyè.

Ẹ̀kẹta, lẹ́tà tí ẹ gbà. Bébà náà jẹ́ tiyín, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tí ó kọ ọ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó di ti àwọn ajogún rẹ̀, fún ọdún 70 ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, fún ọdún 50 ní àwọn mìíràn. Ẹ gba àṣẹ, tàbí kí ẹ kọ lẹ́tà tuntun tí ó bá ẹnu ẹ̀dá ìtàn yín mu.

Ẹ̀kẹrin ni ó mú mi jókòó kọ gbogbo èyí. Bí mo bá sọ fún òǹkọ̀wé pé kò sí ìdí tí ọkùnrin inú ìtàn fi padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà, tàbí pé ẹ̀gbọ́n tí ó yọjú ní orí kejì kò tún hàn mọ́ títí ìwé fi parí, èsì kan náà ni mo máa ń gbọ́: "Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn." Kí ni ẹ fẹ́ kí òǹkàwé fi ìyẹn ṣe? Òun kò sí níbẹ̀. Nínú ayé, ènìyàn lè kú ní ọjọ́ kan lásán láìsí ohunkóhun tí ó ṣáájú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bi wá léèrè. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, òǹkàwé yóò rò pé ó rẹ òǹkọ̀wé ni.

Ẹ wo ohun tí Goethe, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ṣe. Ní ọdún 1772, ní ìlú Wetzlar ní ilẹ̀ Jámánì, ìfẹ́ Charlotte Buff kó sí i lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ àfẹ́sọ́nà ọ̀rẹ́ rẹ̀, Kestner, ni ọmọbìnrin náà. Goethe fi ìlú náà sílẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn tí wọ́n ń pè ní Jerusalem, tí òun náà fẹ́ràn ìyàwó oníyàwó, yá ìbọn lọ́wọ́ Kestner, ó sì pa ara rẹ̀. Goethe mú ìfẹ́ tirẹ̀ àti ikú ẹlòmíràn, ó so wọ́n pọ̀ mọ́ ẹ̀dá ìtàn kan ṣoṣo, ìwé àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní 1774. Bí ó bá tẹ̀ lé bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ sí òun, ìtàn ọkùnrin tí ó di ẹrù rẹ̀ tí ó gba ilé lọ ni à bá máa kà. Kì í ṣe pé ohun tí ó ṣe kò dun ẹnikẹ́ni: inú Kestner bàjẹ́ sí bí ó ṣe yàwòrán ọkùnrin tí ó jẹ́ àfẹ́sọ́nà ọmọbìnrin inú ìwé náà, nígbà tí Goethe sì tún ìwé náà ṣe ní 1787, ó fi ojú tí ó sàn díẹ̀ wo ẹ̀dá ìtàn náà.

Ohun tí ó tún ń ká mi lára ni pé àwọn tí wọ́n ń sọ pé bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn kì í sábà kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí gbé iṣẹ́ gbọọrọ wá. Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, orúkọ oògùn àti ohun tí ẹbí sọ níbi ìsìnkú ni ó pé síbẹ̀, ṣùgbọ́n nípa ọkọ náà fúnra rẹ̀, a kò mọ̀ ju pé ó jẹ́ ènìyàn dáadáa, onísùúrù, tí ó fẹ́ràn ìdílé rẹ̀. Mo bi í pé kí ni ọkọ rẹ̀ máa ń ṣe tí ó máa ń bí i nínú. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní a kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa òkú. Nígbà tí ó yá, ó ní bí òun bá bi í ní ìbéèrè lálẹ́, kì í dáhùn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ó bá ń wọ bàtà, ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé, "Ó dáa, jẹ́ ká lọ," bí ẹni pé ilẹ̀ kò ṣú tí ilẹ̀ kò mọ́ láàárín. Ó ní ìwà yìí rí òun lára títí. Ó wá ní ìbéèrè kan wà tí òun bi í ní alẹ́ tí ó kú, àti pé nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun jókòó ti bàtà rẹ̀, òun ń retí.

Kò sí ọ̀kankan nínú èyí nínú iṣẹ́ tí ó gbé wá. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ohun tí ẹ rí yẹn gan-an ni mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ.

Ẹ má sì pa ẹni náà lójú ewé kìíní kí ẹ máa retí pé a óò bá yín sunkún. Ó ṣeé ṣe láti fi ikú bẹ̀rẹ̀ ìtàn, bí ohun tí ó tẹ̀ lé e bá mú wa padà sí ìgbà tí ó wà láàyè, tí ó ń rẹ́rìn-ín, tí ó ń purọ́, tí ó sì ń fẹ́ ohun kan tí kì í ṣe ẹ̀yin.

Ẹ má fi ìwé gbẹ̀san. Àna tí ó lé yín jáde nílé gbọ́dọ̀ ní ìdí tí òun fúnra rẹ̀ gbà pé ó tọ́.

Ó ku owó àtúnṣe. Àwọn kan ti sanwó fún ẹni tí ó tún àmì ohùn àti sípẹ́lì gbogbo ìwé wọn ṣe, kí a tó rí i pé ìdajì àwọn orí náà ni yóò kúrò. Ẹ kọ́kọ́ to ìtàn. Ẹ má fi ẹbí olóògbé ṣe òǹkàwé àkọ́kọ́, nítorí ẹni wọn ni wọn yóò máa wá nínú rẹ̀; ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí wọn kò mọ̀ ọ́n rí, kí ẹ sì bi wọ́n pé kí ni wọ́n rò pé ẹni náà ń fẹ́ ní ayé rẹ̀. Bí wọn kò bá lè dáhùn, ẹ má tíì sanwó fún olóòtú kankan, títí kan èmi.