“Bu Funfun Yẹn Sí I”: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Ba Ìwé Ìlànà Aró Jẹ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan gbé ìwé ìlànà tó fẹ́ máa tà fáwọn tó ń kọ́ àdìrẹ wá bá mi ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ l'Ábẹ́òkúta. Igba (200) ẹ̀dà ló ti tẹ̀ kó tó béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni mo kà tí orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Kí owó ẹlòmíì tó tún wọgbó, ẹ gbọ́.

1. “Ife kan.” Ife ilé ta? Ẹ kọ giráàmù.

2. “Ó dára gan-an, ó sì lágbára.” Ìpolówó nìyẹn, kì í ṣe àpèjúwe.

3. Ibi tí inú ti ń bí mi jù rèé: kéèyàn fi àwọ̀ nìkan júwe nǹkan. Ọmọ yìí kọ ọ́ pé, “Bu funfun àkọ́kọ́ sómi, kí o wá bu funfun kejì.” Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀! Kẹ́míkà méjì là ń bù sómi aró: kọ́sítíìkì funfun, háídírò náà funfun. Kí n má parọ́, èmi náà ti kọ irú rẹ̀ rí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tẹ̀ lé ìwé mi, ó bu kọ́sítíìkì lẹ́ẹ̀mejì, kò bu háídírò rárá. Aró kọ̀, kò yòrò. Yáàdì mẹ́wàá wá dà bí àkísà mẹkáníìkì, èmi náà ni mo sì ra òmíràn san.

Ẹ sọ bó ṣe rí, kí ẹ sọ ohun tó ń ṣe. Kọ́sítíìkì máa ń rí pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́ tàbí hóróhóró, kò lóòórùn, tí ẹ bá sì ṣí i sílẹ̀, á fa omi inú afẹ́fẹ́, á máa rin. Iṣẹ́ tí omi eérú ń ṣe nínú ìkòkò aró àwọn ìyá wa ló ń ṣe. Háídírò kúnná bí ìyẹ̀fun, ó ń rùn bí ìṣáná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó. Òun ló ń gba ọ́síjìn lára aró kó lè yòrò, kó sì wọ inú òwú. Ìdí nìyẹn tí aṣọ fi ń jáde ní àwọ̀ ewé, tí afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i kó tó di búlúù. Ẹni tó bá mọ èyí, tó rí i pé omi aró òun ṣì dúró ní búlúù, á mọ̀ fúnra rẹ̀ pé háídírò kò tó.

Àwọn kan a tún yí i sódì, wọ́n á sọ iṣẹ́ láìsọ ìrísí: “Mú ohun tí a fi ń tẹ ẹ̀kọ sáṣọ.” (Ẹ̀kọ tí kì í jẹ́ kí aró wọ aṣọ ni o, kì í ṣe ti jíjẹ.) Ìyẹ́ adìyẹ ni, àbí páànù tí wọ́n gé ní bátànì?

Lójú ìwé kejì ẹ pe abọ́ kan ní ike, lójú ìwé karùn-ún abọ́ yẹn kan náà di bàsíà. Ẹ mú ọ̀kan.

Ìkìlọ̀ ńkọ́? Ẹ fi í ṣáájú. Kọ́sítíìkì là ń dà sómi, a kì í da omi lé e; ẹni tó ka ìyẹn nísàlẹ̀ ìwé ti bó lọ́wọ́ tán.

Ọmọ yẹn bi mí bóyá òun lè fi bírò tún igba ẹ̀dà náà ṣe. Mo fún un ní bírò. Márùn-ún ló tún ṣe kó tó ní òun ń lọ jẹun.