Bí Ìkún Òkun Ṣe To Ìsinmi Wa ní Pembrokeshire

Kí n tó sanwó ilé tí a máa sùn, ìwé ìkún òkun ni mo kọ́kọ́ rà. Bí mo ṣe ṣètò ìsinmi ìdílé mi ní Pembrokeshire lópin oṣù kẹjọ nìyẹn, òun náà ni mo sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kó ọmọ lọ síbẹ̀. Ìkángun Wales, ọ̀kan lára àwọn orílẹ̀-èdè tó para pọ̀ di UK, lápá ìwọ̀-oòrùn gúúsù, ni ibẹ̀ wà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ilẹ̀ kì í fi iyanrìn rọra wọ òkun bíi ti Badagry. Àpáta ló dúró gàgàrà, ihò wà lára rẹ̀, àwọn erékùṣù kéékèèké sì tò sí ọ̀ọ́kán. Láti 1952 ni wọ́n ti sọ etíkun náà di ọgbà orílẹ̀-èdè. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba orí àpáta, tí wọ́n ṣí ní 1970, gùn tó máìlì 186.

Àwa tí a dàgbà sí Èkó mọ̀ pé òkun ń kún, ó sì ń fà, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ àárín méjèèjì lọ́dọ̀ wa kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ. Ní Milford Haven, èbúté ńlá Pembrokeshire, tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tó di àrànmọ́jú, ìyàtọ̀ náà máa ń ju mítà mẹ́fà lọ. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì odindi ni omi ń bò tó tún ń ṣí sílẹ̀ láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Ibi tí ọmọ ti ń fi iyanrìn ṣeré láàárọ̀ lè máà sí mọ́ lọ́sàn-án, kí omi sì ti dí ọ̀nà tó gbà wọlé, kó wá ku òun àti àpáta tí kò ṣeé gùn. Èmi ò lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún orí ire.

Ìwé náà kéré, ó wọ àpò, wọ́n sì ń tà á ní àwọn ṣọ́ọ̀bù etíkun. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀: aago tí òkun máa kún, bí omi ṣe máa ga tó, aago tó máa fà. Ẹ kọ́kọ́ wo òkè ojú ewé dáadáa, torí ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ aago GMT, ìyẹn aago ìgbà òtútù wọn, ni wọ́n kọ sí i. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tí wọ́n ti sún aago síwájú, ẹ ní láti fi wákàtí kan kún gbogbo ohun tí ẹ bá kà. Lójoojúmọ́ ni aago ìkún tún máa ń fi nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú sún síwájú, torí náà tòní kì í ṣe tọ̀la. Mo mú báírò pupa, mo yí ọjọ́ tí òkun máa kún ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ká. Ọjọ́ Solva nìyẹn.

Solva jẹ́ abúlé tí òkun gba àárín òkè méjì wọ̀, tóóró báyìí. Ibẹ̀ dára fún ọmọ tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa kayak, ọkọ̀ tóóró tí a ń fi àjẹ̀ wà, nítorí òkè méjèèjì ń gba atẹ́gùn dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wá láti Manchester fẹ́ kí a lọ ní kùtùkùtù, kí èrò tó pọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù, omi ò tíì sí níbẹ̀." Kó lè fojú rí i, a yà síbẹ̀ láàárọ̀. Àwọn ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí ẹrọ̀fọ̀, okùn wọn dẹ̀, àwọn ẹyẹ ń ṣa nǹkan jẹ láàárín wọn. Nígbà tí a padà dé lẹ́yìn aago mẹ́ta, gbogbo ọkọ̀ yẹn ti léfòó. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lórí ògiri èbúté, ó ní, "Ṣé ibi kan náà nìyí?" Àwọn ọmọ wọ aṣọ onírọ́bà àti jákẹ́ẹ̀tì ìdóòlà, olùkọ́ wọn ṣáájú, wọ́n wakọ̀ dé ẹnu èbúté, wọ́n sì padà. Olùkọ́ náà kò jẹ́ kí wọ́n kọjá ibẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Erékùṣù Ramsey ni mo fẹ́ràn jù nínú ìrìn àjò náà. St Justinian ni a ti wọkọ̀, kò jìnnà sí St Davids, ìlú tí èrò ibẹ̀ kò pé ẹgbàá ṣùgbọ́n tó ń jẹ́ sítì nítorí kàtídírà rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó jẹ́ ti bíṣọ́ọ̀bù. Ọkọ̀ onírọ́bà aláfẹ́fẹ́ ni, kò ní òrùlé. Ẹ wọ aṣọ òtútù kódà bí oòrùn bá ń ràn. Ẹni tí òkun máa ń gbé lóòyì, kó ti lo oògùn rẹ̀ kó tó wọlé, torí tí òòyì bá ti bẹ̀rẹ̀, oògùn ò tètè ràn mọ́. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kó jókòó sí, iwájú ló máa ń fò jù.

Láàárín ilẹ̀ àti erékùṣù náà, omi há, òkun tó ń kún tàbí tó ń fà sì ń fipá gba ibẹ̀ kọjá. Ó lè sáré ju máìlì méje lọ láàárín wákàtí kan. Ọ̀wọ́ àpáta kan tí wọ́n ń pè ní The Bitches nà jáde láti ara Ramsey, ó sì dábùú omi náà. Kápítẹ́nì wa ti mọ̀ọ́mọ̀ yan wákàtí tí omi ń sáré. Ó dẹ ẹ́ńjìnnì, ó ní kí a wò ó: omi ẹ̀gbẹ́ kan ga ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, ó ń dà wálẹ̀ láàárín àwọn àpáta, ó ń hó, ó ń yí kiri. Lórí àpáta yìí ni ọkọ̀ ìdóòlà St Davids fọ́ sí ní 1910, lẹ́yìn tó ti lọ yọ àwọn kan nínú ewu. Mẹ́ta nínú àwọn tó wà nínú rẹ̀ kú, olórí wọn wà lára wọn. Bàbá àwọn ọmọ mi ṣí fìlà rẹ̀ nígbà tí kápítẹ́nì sọ ọ́.

Ìhà kejì erékùṣù náà, tó kọjú sí agbami, ni àpáta ti ga jù. A sún mọ́ ẹnu ihò kan ṣùgbọ́n a ò wọlé, nítorí àsìkò tí àwọn síìlì, ẹranko òkun tó ń fún ọmọ lọ́mú, ń bímọ ti bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù kẹjọ títí wọ oṣù kọkànlá ni wọ́n ń bímọ sórí òkúta etí omi. Mo rí ọmọ síìlì kan: irun rẹ̀ funfun, awọ ọrùn rẹ̀ tobi jù ú lọ, ìyá rẹ̀ yọ orí lókè omi, ó ń wò wá láìṣẹ́jú. Bí ìyá náà bá bẹ̀rù, ó lè sá kó fi ọmọ sílẹ̀. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ pariwo, mo fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ń sún mọ́ wọn jù kí ẹ lè ya fọ́tò, ẹ má sanwó fún un.

Ọjọ́ tí atẹ́gùn le, a ò wọ omi rárá, a fẹsẹ̀ rìn láti etíkun Whitesands lọ sí St Davids Head, ṣóńṣó ilẹ̀ tó yọ sínú òkun. Ọ̀nà náà sún mọ́ bèbè, kò sí irin ìdáàbòbò, torí náà mo di ọwọ́ èyí tó kéré jù mú títí. Mo ti kọ́ gbogbo wọn pé tí wọ́n bá já sínú omi tútù, kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ lójú omi, kí wọ́n má jà, títí èémí wọn á fi balẹ̀. Ẹni tó bá rí wọn, kó pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì wọn, kó sì béèrè àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun.

Ẹni tó bá jẹ́ ẹyẹ puffin ló fẹ́ rí, oṣù kẹjọ ti pẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ jùlọ wọn ti padà sí agbami kí oṣù keje tó parí. Erékùṣù Skomer ni kí ó lọ, láàárín oṣù karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, láti Martin's Haven, níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Kí ó tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì ìgúnlẹ̀, nítorí iye èrò tí wọ́n ń gbà sórí erékùṣù náà lóòjọ́ ní òdiwọ̀n.