Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ẹyẹ shoebill lójúkojú ní Mabamba

Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ lọ o, kí oòrùn tó mú. Mabamba ni irà ńlá kan létí adágún Victoria ní Uganda, kò jìnnà sí Entebbe, ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú omi láti èbúté Nakiwogo tàbí kẹ́ ẹ gba orí ilẹ̀ yípo, tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ẹ háyà ọkọ̀ kékeré pẹ̀lú ẹni tó mọ inú irà yẹn, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ dá lọ, torí papyrus ibẹ̀, ìyẹn koríko inú omi, ga ju èèyàn lọ, ọ̀nà omi inú ẹ̀ sì há.

Ẹ má wá nǹkan tó ń rìn. Ohun aláwọ̀ eérú tó dúró gbagidi, tó ga ju mítà kan lọ, tí àgógó ẹnu ẹ̀ fẹ̀ bíi bàtà onígi, òun lẹ ń wá. Ẹja ló ń ṣọ́. Lungfish ló fẹ́ràn jù, ẹja yẹn ní ẹ̀dọ̀fóró, ó gbọ́dọ̀ yọrí wá mí, ibẹ̀ ni shoebill ti ń dè é, tó bá sì ti yọ, gbogbo ara ló fi máa já lù ú, torí náà etí omi tí ò jìn ni kí awakọ̀ máa gbà.

Láyé àtijọ́ àwọn apẹja ibẹ̀ gbà pé ẹni tó bá rí i, àwọ̀n òfìfo ló máa gbé délé, wọ́n sì máa ń pa á. Ní báyìí mímú àlejò lọ wò ó ti di iṣẹ́ fún àwọn kan lára wọn, ojú wọn sì mú gan-an.

Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n máa fi ọ̀pá ti ọkọ̀. Tó bá yíjú kúrò lára omi tó ń wo ẹ̀yin, ẹ ti súnmọ́ jù nìyẹn, ẹ padà sẹ́yìn. Awakọ̀ míì á fẹ́ súnmọ́ nítorí fótò, ẹ má gbà fún un, pàápàá tó bá jẹ́ ìdí ìtẹ́: omi ni àwọn ẹyẹ yìí máa ń fi ẹnu bù wá da sórí ẹyin nígbà ooru, tẹ́ ẹ bá lé e kúrò, oòrùn á ba ẹyin jẹ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń yè níbẹ̀.

Tẹ́ ò bá rí i ní Mabamba, ẹ gbìyànjú ọgbà ẹranko Murchison Falls ní Uganda kan náà, níbi tí odò Nile ti ń wọ adágún Albert. Irà Bangweulu ní Zambia náà dáa, àmọ́ ìrìn ńlá nìyẹn.