Dífù Land Rover àtijọ́ ń jo ọ́ìlì: kí ẹ tó ra síìlì kẹta

Land Rover Series III, èyí tí wọ́n ṣe láti 1971 títí dé 1985, ni àwọn ìbéèrè yìí dá lé lórí. Ilé iṣẹ́ Leyland máa ń to Land Rover pọ̀ n'Ìbàdàn níbí nígbà kan rí, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i títí dòní nínú oko kòkó àti lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí. Dífù ni àpótí eyín irin tó wà láàárín axle, propeller ni ọ̀pá tó ń gbé agbára wá sí i láti gíábọ́ọ̀sì, síìlì sì ni òrùka tó ń dá ọ́ìlì dúró. Dífù Series II àti IIA kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yìí gan-an, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá rí èyí tí wọ́n pa tì nítorí ohun tí kò tó nǹkan.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ti pààrọ̀ síìlì tó wà níbi tí propeller ti wọ dífù ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́fà. Ó tún ti ń jò. Ṣé ayédèrú ni wọ́n ń tà fún mi ni?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n tí síìlì bá kú lẹ́ẹ̀mejì níbì kan náà, ohun tó ń pa á ni kí ẹ wá.

Ẹ kọ́kọ́ wo breather, fáàfù kékeré tó wà lórí axle. Bí ọkọ̀ bá rìn, ọ́ìlì á gbóná, afẹ́fẹ́ inú dífù á fẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Tí ẹrẹ̀ pupa bá ti gbẹ dí ihò breather, afẹ́fẹ́ náà á ti ọ́ìlì gba ibi tó rọ̀ jù, síìlì sì nibẹ̀. Ẹ tú u, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ fẹnu fẹ́ ẹ kí ẹ mọ̀ pé ihò rẹ̀ là. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n ná owó síìlì mẹ́ta lé lórí, tó jẹ́ breather yìí nìkan ló dí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ara flange, irin tí wọ́n de propeller mọ́, tí ètè síìlì ń fara nù. Ẹ fi èékánná fà á kọjá ibi tó ń dán yẹn. Bí èékánná bá kọ́, síìlì àtijọ́ ti gbẹ́ ojú ọ̀nà sí i lára, síìlì tuntun tí ẹ bá fi síbẹ̀ kò sì ní dì í. Flange mìíràn ló dára jù. Bí kò bá sí, ẹ má ti síìlì wọlé dé ibi tí ti àtijọ́ dé. Ẹ fi bíi mìlímítà kan tàbí méjì sílẹ̀, kí ètè rẹ̀ lè bọ́ sórí irin tí kò tíì jẹ. Ojú tí spring rẹ̀ wà ni kó kọjú sí inú, sọ́dọ̀ ọ́ìlì. Ẹ fi ọ́ìlì gíà pa ètè náà kí ẹ tó ti flange wọ̀ ọ́, torí síìlì tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní gbígbẹ máa ń jóná níjọ́ àkọ́kọ́. Tí flange bá le láti wọlé, ẹ má fi òòlù lù ú, orí bẹ́ríìnì ni òòlù yẹn ń bọ́ sí. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ ni kí ẹ fi fà á wọlé.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kí ẹ tú propeller, kí ẹ di flange mú, kí ẹ mì í lọ sókè sódò, kí ẹ tì í, kí ẹ fà á. Kò gbọdọ̀ jó rárá. Bó bá jó, bẹ́ríìnì pinion, ọ̀pá tí flange wà lórí rẹ̀, ti jẹ, kò sì sí síìlì tó lè di irin tó ń jó mú. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Dífù yẹn gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi, a gbé ọkọ̀ sórí jáàkì láti tú dífù ẹ̀yìn, háńdìbíréèkì wà lókè, síbẹ̀ ọkọ̀ yí kúrò lórí jáàkì, ó kù díẹ̀ kó tẹ ọmọ iṣẹ́ mi. Ṣé háńdìbíréèkì ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: A dúpẹ́ pé ọmọ náà kò fara pa. Ó ṣeé ṣe kí háńdìbíréèkì yín máà ní àbùkù kankan. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọ abẹ́ Land Rover yìí gbọ́dọ̀ mọ èyí: háńdìbíréèkì rẹ̀ kò sí ní ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ìdí gíábọ́ọ̀sì ló wà, propeller ẹ̀yìn ló ń dì mú. Ẹ tú propeller yẹn báyìí, kò sí ohun tó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú mọ́. Kódà tí ẹ kò tíì tú u, bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ṣoṣo kúrò nílẹ̀, dífù á jẹ́ kí èyí tó wà lókè máa yí, èyí tó wà nílẹ̀ á sì máa lọ.

Òkúta ńlá tàbí igi níwájú àti lẹ́yìn táyà iwájú méjèèjì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí. Ẹ fa ọ̀pá olórí pupa sí low, kí iwájú náà lè bá wọn dì í. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé axle sórí stand méjì lórí ilẹ̀ tó le. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáàkì nìkan, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan.

Iṣẹ́ yòókù kò ṣòro. Ẹ da ọ́ìlì nù, ẹ tú bóòtù mẹ́fà tó wà lórí họ́ọ̀bù lọ́tùn-ún àti lósì, ẹ fa half-shaft, ọ̀pá tó ń gbé agbára láti dífù lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀, síta díẹ̀ kó lè jáde nínú dífù. Ẹ tú bóòtù propeller mẹ́rin, lẹ́yìn náà nọ́ọ̀tì 10 tó yí dífù ká. Kí ènìyàn méjì gbà á, torí ó wúwo ju ojú rẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ni mo ṣì ń kọ́. Ọ̀gá mi kò sí nílé nígbà tí mo tú pinion. Àwọn irin pẹlẹbẹ kan bọ́ sílẹ̀ bíi wáṣà, mo kó gbogbo wọn sínú abọ́ kan. Nísinsìnyí n kò mọ èyí tó ń lọ síbo.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀, ó ní àtúnṣe. Shim ni wọ́n ń pe àwọn irin yẹn. Má rò pé wáṣà lásán ni wọ́n. Òun ni ìwọ̀n tí wọ́n fi tò dífù yẹn gan-an, kò sì sí dífù méjì tí ìwọ̀n wọn dọ́gba.

Kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ. Pinion ni ọ̀pá kékeré eyín 10 tó ń gba agbára lọ́wọ́ propeller. Crown wheel ni àwo ńlá eyín 47 tí pinion ń yí. Bẹ́ríìnì méjì ló gbé pinion dúró, ńlá lẹ́bàá eyín, kékeré lẹ́bàá síìlì. Ibi méjì sì ni shim ń gbé.

Èyí àkọ́kọ́ wà lẹ́yìn òrùka ìta bẹ́ríìnì ńlá, nínú ilé dífù. Òun ló ń sọ bí pinion yóò ṣe sún mọ́ crown wheel tó. Fi kún un, pinion á sún wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀. Yọ nínú rẹ̀, á sún sẹ́yìn. Nítorí pé ẹ̀yìn òrùka ló sá pamọ́ sí, ó ṣeé ṣe kó ṣì wà níbẹ̀ tí o kò bá lu òrùka náà jáde. Yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó máa dààmú.

Èkejì wà lára ọ̀pá pinion fúnra rẹ̀, lẹ́bàá bẹ́ríìnì kékeré. Ìyẹn ló ń sọ bí bẹ́ríìnì méjèèjì yóò ṣe fún tó. Níbí, yíyọ ló ń mú un fún, fífi kún un ló ń tú u. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń yí èyí po.

Shim ti àkọ́kọ́ fẹ̀ ju ti èkejì lọ, torí òrùka ìta ló ń gbé, èkejì sì ń wọ ọ̀pá. Fi wọ́n wọ ibi tí wọ́n bá, wàá yà wọ́n sọ́tọ̀ láìpẹ́. Nu ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́, fi micrometer wọ̀n ọ́n, kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Má fi ojú wò ó, torí ìyàtọ̀ ínǹṣì 0.003 tó láti ba dífù jẹ́, ojú kò sì lè rí i.

Tí o bá fẹ́ pààrọ̀ bẹ́ríìnì, wọn gíga ti àtijọ́ àti ti tuntun. Tí tuntun bá fi díẹ̀ ga ju ti àtijọ́, yọ iye yẹn kúrò lára shim àkọ́kọ́. Báyìí ni pinion á padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Fún fífún bẹ́ríìnì, ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà ni kí o tẹ̀ lé. Tún pinion tò láìfi síìlì àti crown wheel sí i, fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ gírígírí, wé okùn mọ́ flange, kí o fi ìwọ̀n ìkọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹja, fa okùn náà lọ́ra. Nọ́ḿbà tó bá dúró sí nígbà tó ń yí lọ, kì í ṣe nígbà tó kọ́kọ́ ṣí, lo máa ka. Fi ìdajì fífẹ̀ ibi tí okùn wé mọ́ sọ ọ́ di púpọ̀: kílò kan ní sẹ̀ǹtímítà 5 láti àárín jẹ́ kílò-sẹ̀ǹtímítà 5. Nígbà mìíràn, wọ̀n ọ́n kí o tó tú nọ́ọ̀tì, kí o lè mọ ibi tó wà.

Ohun kan tún kù. Ìdérí bẹ́ríìnì méjèèjì tó di crown wheel mú, sàmì sí wọn, torí ti ọ̀tún kò gbọdọ̀ lọ sí òsì láé. Pa pọ̀ ni wọ́n gbẹ́ wọn mọ́ ilé wọn. Crown wheel àti pinion náà, tọkọtaya ni wọ́n. Nọ́ḿbà tó wà lára wọn gbọdọ̀ bára mu.

Ìbéèrè: A ti tò ó tán, kò jò mọ́, ṣùgbọ́n ó ń hu bí ìgbà tí a bá ń fọn fèrè. Bí mo bá tẹ ná, ìyẹn accelerator, ó ń hu, bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó dákẹ́.

Ìdáhùn: Ohùn tó ń yí padà bí ẹ ṣe ń tẹ ná, ara eyín ló ti ń wá. Ti bẹ́ríìnì máa ń kùn ṣáá ni, yálà ẹ tẹ ná tàbí ẹ kò tẹ ẹ́. Tó bá sì jẹ́ pé gbà! ló ń dún bí ẹ ṣe fẹ́ gbéra, ẹ wo propeller kí ẹ tó fọwọ́ kan dífù.

Ẹ tún un sọ̀ kalẹ̀. Lórí dífù yìí, nọ́ọ̀tì oníhò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ríìnì ni wọ́n fi ń sún crown wheel, kì í ṣe shim. Àyè tó wà láàárín eyín gbọdọ̀ jẹ́ ínǹṣì 0.008 sí 0.010, ìyẹn mìlímítà 0.20 sí 0.25. Dial gauge ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, níbi mẹ́rin yíká, torí crown wheel tó bá wọ́ lè tọ̀nà níbì kan kó má tọ̀nà níbòmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀dà tẹ́ẹ́rẹ́ kun eyín bíi mẹ́jọ, ẹ yí i, kí ẹlòmíràn fi igi dí crown wheel díẹ̀ kó lè tẹ̀. Àárín eyín ni ó yẹ kí ojú ìfọwọ́kan wà. Tó bá wà nísàlẹ̀ gan-an, pinion ti wọlé jù, ẹ yọ nínú shim àkọ́kọ́. Tó bá wà lókè téńté, ẹ fi kún un. Tó bá sún sí etí inú, ẹ sún crown wheel kúrò díẹ̀ lẹ́bàá pinion. Tó bá sún sí etí ìta, ẹ sún un mọ́ ọn. Mo máa ń fi odidi ọ̀sán ṣe èyí, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀ rí.

Ìbéèrè: Ọ́ìlì kò jáde níwájú dífù mọ́, ṣùgbọ́n bíréèkì ẹ̀yìn òsì kò dì mú, awọ bíréèkì náà sì rin.

Ìdáhùn: Síìlì họ́ọ̀bù ni. Ọ́ìlì dífù ń bá half-shaft wá sínú họ́ọ̀bù, síìlì ẹ̀yìn họ́ọ̀bù ló sì yẹ kó dá a dúró. Ẹ wo òrùka tó ń fara nù bí ẹ ṣe wo flange. Bíréèkì tó ti mu ọ́ìlì, ẹ má fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ kí ẹ tún lò ó. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ti ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹ sì wò ó bóyá ọ́ìlì ti pọ̀ jù. Nǹkan bíi lítà 1.75 ọ́ìlì EP90 ni axle yìí ń gbà. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ihò ìwọ̀n ni ẹ ó máa wò. Bó bá ti ń ṣàn padà, ó tó.

Ìbéèrè: Ti 109, èyí tó gùn, ni mo ní. Ṣé bákan náà ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ̀yìn 109 Series III máa ń jẹ́ Salisbury, irú axle mìíràn. Bí ẹ bá rí ìdérí irin tí wọ́n fi bóòtù dè yíká lẹ́yìn axle, òun nìyẹn. Dífù rẹ̀ kì í jáde lódidi. Nínú axle ni ẹ ó ti ṣe é, shim ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ crown wheel rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó sì nílò irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fẹ ilé rẹ̀ díẹ̀ kó tó lè jáde. Síìlì pinion nìkan ni kí ẹ ṣe fúnra yín.

Ìbéèrè: Ṣé kí n kúkú ra dífù tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀ tàbí Gate?

Ìdáhùn: Tí crown wheel yín bá ti fọ́ eyín, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí i lójú yín kí ẹ ka eyín: 10 àti 47. Dífù Range Rover àtijọ́ lè wọ ihò náà bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n iye ìgbà tí pinion ń yí kí crown wheel tó yí lẹ́ẹ̀kan yàtọ̀: 3.54 ni tirẹ̀, 4.7 ni tiyín. Tí iwájú àti ẹ̀yìn kò bá dọ́gba, ọjọ́ tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i lórí ilẹ̀ líle ni nǹkan á ṣẹ́. Ẹ ka eyín (spline) tó wà nínú ihò tí half-shaft ń wọ̀ pẹ̀lú: ti half-shaft yín jẹ́ 10, ti àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ 24. Kí ẹ sì mú èyí tí ẹ tú sílẹ̀ lọ́wọ́ lọ sọ́jà, kí ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ tó sanwó.